Òtútù Tí Bartholomew Tì Mọ́lé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Keziah jẹ́, ẹ má bi ọkọ rẹ̀. Bartholomew yóò sọ fún yín pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni ìyàwó òun, kì í gbó òun lẹ́nu, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tí èṣù ya wọ ilé àwọn ní Kétu, l'Ékòó. Ọjọ́ tó ń pè ní ọjọ́ èṣù yẹn la fẹ́ sọ. Èṣù kò mọ nǹkan kan níbẹ̀ rárá.

Aránṣọ ni Keziah. Ìṣarà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, wọ́n gba yàrá méjì nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé dára. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì gùn. Oníbàárà tó bá ní ọrùn aṣọ kò wu òun mọ́, Keziah yóò tú u, yóò tún un rán, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ń hó. Gbogbo ayé mọ̀ pé obìnrin yìí ní sùúrù. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni sùúrù náà ń ná an.

Lọ́dún tí wọ́n san owó Údójì, àfikún owó oṣù, fún àwọn òṣìṣẹ́, Bartholomew, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba, fi tirẹ̀ ra fíríìjì. Ó funfun nini, ìdìmú rẹ̀ ń dán, ojú kọ́kọ́rọ́ sì wà lábẹ́ ìdìmú náà. Ojú kọ́kọ́rọ́ yìí ló da ilé rú. Bartholomew so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ti ọ́fíìsì. Láàárọ̀, yóò ṣí fíríìjì, yóò yọ ohun tí wọn yóò sè, yóò tún tì í, yóò sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Bí òùngbẹ omi tútù bá ń gbẹ Ládé ọmọ wọn lọ́sàn-án gangan, ó di ìgbà tí baba rẹ̀ bá dé. Keziah ló ń nu fíríìjì yìí, òun ló rán aṣọ tó bò ó lórí, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi nínú rẹ̀ rí.

Bí iná bá lọ, tí gbogbo ilé ń ráhùn, Bartholomew kì í mikàn.

“Ohun tó tutù ti tutù,” ni yóò wí. “Òtútù tí mo bá tì mọ́lé, ibo ló fẹ́ gbà jáde?”

Yóò wá fi ọwọ́ lu àpò níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà, bí ẹni pé inú àpò yẹn ni òtútù ń sùn sí. Keziah á tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ohun kejì tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn ni òbúkọ kan tó so mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé, tó ń sìn de Kérésì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kí òbúkọ náà láàárọ̀. Keziah ló ń gé koríko fún un, òun náà ló ń gbá ìgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún Iléyá dé ní 1977. Yàrá tó kọjú sí ti Keziah ni Suwebat ń gbé, obìnrin tó ń ta ata, tó sì ju Keziah lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Wọ́n ti ń fẹ́ Àpèkẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà fún Rahmon, ọmọ apẹja kan ní Àgbóyì. Àwọn ará Rahmon fi àgbò ránṣẹ́ sí àna wọn fún ọdún, bó ṣe yẹ. Ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó bá fi àgbò ránṣẹ́, itan kan gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ní tútù, ní odindi. Bí a bá dín in, bí a bá sun ún, wọn yóò ní ìdílé ọmọ ti jẹ àgbò tán teegunteegun, pé irú ọ̀jẹun bẹ́ẹ̀ kò ṣeé bá dá àna. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọdún ni àwọn ará Àgbóyì ń bọ̀ wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ yẹn náà ni wọn yóò gbé itan wọn lọ. Níbo la ó tọ́jú ẹran tútù sí títí di ìgbà náà?

Suwebat gbé itan náà tọ Keziah wá.

“Ìyá Ládé, ìtìjú mi nìyí. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí.”

Keziah gbà á. Bartholomew fajú ro, ó ṣí fíríìjì, ó ti itan náà sínú àpótí yìnyín lókè, ó sì tún un tì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìpàdé ẹbí gbé Bartholomew lọ sí Ìṣarà. Kó tó lọ, ó pa rédíò, ó pa gílóòbù pálọ̀, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún.

“Bàbá Ládé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ fíríìjì sílẹ̀,” ni Keziah wí. “Ẹran ẹlẹ́ran wà níbẹ̀.”

“Kí lo fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe? Ẹran tó ti kú, ṣé ó fẹ́ sá lọ ni?”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní ó di Sọ́ńdè.

Ohun téèyàn kò lè ṣí, kì í yà síbẹ̀. Ọjọ́ méjì kọjá kí Keziah tó wo apá ibẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ó ń gbálẹ̀ pálọ̀, ó tẹ omi. Omi náà ń ti abẹ́ ilẹ̀kùn fíríìjì bọ̀, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbé etí lé ara rẹ̀. Fíríìjì tó máa ń kùn tọ̀sán-tòru dákẹ́ lọ gbári.

Ó lọ pe Suwebat, nítorí kò mọ irọ́ tó lè pa. Suwebat wo omi náà, ó jókòó sílẹ̀.

“Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀,” ló wí.

“Bóyá kò tíì pẹ́ tó kú,” ni Keziah dáhùn. “Ẹ jẹ́ n wá ohun tó ṣe é.”

Ó tan gílóòbù, ó tàn. Iná wà nìyẹn. Ó yọ púlọ́ọ̀gì fíríìjì, ó ki ti áyọ́ọ̀nù bọ ojú ihò kan náà, áyọ́ọ̀nù gbóná. Ara ògiri kọ́ nìyẹn. Ó tú púlọ́ọ̀gì fíríìjì, ó yọ fíúsì inú rẹ̀, ó fi ti áyọ́ọ̀nù rọ́pò. Fíríìjì kò mí. Òun àti Suwebat wá gbá a mú, wọ́n fà á kúrò lára ògiri. Eruku tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́. Keziah gbá a dànù, ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì dúdú tó wà nísàlẹ̀. Ó tutù. Ní gbogbo àkókò yìí, ojú kọ́kọ́rọ́ yẹn ń wò ó, inú sì ń bí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá mi wo obìnrin tó ń yí ohun ilé ara rẹ̀ ká bí olè.

Ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, ó mú Yàkúbù wá, ẹni tó ń tún rédíò àti fíríìjì ṣe. Yàkúbù fi tẹ́sítà kan ibí, ó fi kan ọ̀hún, ó so wáyà kékeré kan mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kùn. Ó tú wáyà náà, ó dákẹ́.

“Mádàámú, ẹ́ńjìnnì ò ní wàhálà kankan. Inú ni ibi tó kù wà. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá.”

“Ọkọ mi mú un lọ sí Ìṣarà.”

“Ẹ jẹ́ ká kúkú dúró dè wọ́n. Mi ò lè já fíríìjì oní-fíríìjì. Ọ̀gá á ní èmi ni mo bà á jẹ́.”

Fíríìjì oní-fíríìjì. Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣe é. Gbogbo ọrùn aṣọ tí Keziah ti tú tó tún rán, gbogbo ife omi tó ti tọrọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n dìde pọ̀ nínú rẹ̀. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó gbé ọmọ ọlọ, ó gba irin tí wọ́n fi ń tú síkúrù lọ́wọ́ Yàkúbù, ó fi ẹnu irin náà sójú kọ́kọ́rọ́, ó sì fi ọmọ ọlọ lù ú. Nígbà tí yóò lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ohun gbogbo tó wà nínú ihò náà já wọlé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gílóòbù inú rẹ̀ tàn rekete. Òórùn jáde, Suwebat sì fi ìborùn bo imú. Itan àgbò ti rà mọ́ egungun.

Yàkúbù na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù náà. Ojú òdo ló wà. Ó yí i, fíríìjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lójú ẹsẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

“Kò sí nǹkan tó ṣe é tẹ́lẹ̀,” ló wí. “Ẹnì kan ló pa á.”

Ta ni ìbá tún jẹ́? Keziah rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń pa rédíò, bó ṣe ń pa gílóòbù. Owó iná ló ń ṣọ́. Ó pa ẹ̀rọ lórí ẹran ẹlẹ́ran, ó ti òtútù mọ́lé, ó sì gbà pé yóò jókòó dè òun. Ìbínú tó mú Keziah nígbà yẹn ju ti ìgbà tí fíríìjì dákẹ́ lọ. Bó ṣe ń kùn yẹn, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Omijé Suwebat ń dà, kò nù ún.

Keziah jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó tú okùn òbúkọ kúrò nídìí ìbẹ́pẹ, ó fà á wá síwájú yàrá Suwebat, ó sì so ó mọ́ òpó.

“Ìyá Ládé, ọkọ rẹ á pa ọ́.”

“Kí wọ́n wá pa mí lójú àwọn àna yín.”

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ará Àgbóyì dé. Keziah kò jẹ́ kí Suwebat sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ níwájú baba Rahmon. Ó ní itan ti bàjẹ́ nínú ilé òun, ẹ̀bi ilé òun ni, kì í ṣe ti Ìyá Àpèkẹ́. Ó ní odindi òbúkọ ni ilé òun fi rọ́pò. Bàbá náà wo ẹranko tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀ náà, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n sì dìde láti gba etí odò lọ, níbi tí ọkọ̀ ojú omi wọn gbé wà.

Ẹnu ọ̀nà ni Bartholomew ti pàdé òbúkọ rẹ̀.

Kó tó la ẹnu, wọ́n sọ fún baba Rahmon pé ọkọ Ìyá Ládé nìyí. Bàbá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó ní irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó ní Ọlọ́run kò ní dójú ti Bartholomew náà lórí ọmọ. Gbogbo èrò ilé dúró, wọ́n ń wò ó. Bartholomew wo okùn, ó wo ìwo tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fọwọ́ pa láàárọ̀.

“Àmín,” ló wí.

Ó wọlé, ó bá ihò lára fíríìjì. Ọ̀já aṣọ ni Keziah fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

“Ta ló já a?”

“Èmi ni.”

“Ṣé orí rẹ pé? O fún wọn lẹ́ran mi, o fọ́ fíríìjì mi?”

“Fíríìjì kò bàjẹ́, Bàbá Ládé. Ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ pa á, ẹ tì í, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ lọ sí Ìṣarà, obìnrin tó ju mi lọ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí ó ń sunkún. Òtútù tí ẹ tì mọ́lé, òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ wò.”

Bartholomew ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ó ṣì ní ohun tí yóò fi í ṣe. Keziah tú ọ̀já aṣọ náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bu omi tútù kún ife, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀, ó sì mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò so ilẹ̀kùn náà mọ́.