Ọṣẹ Alátàǹpàkò

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ̀rọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé n ò ní ìka. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé lọ́wọ́ mi, mo ń kà wọ́n lábẹ́ ìborùn.

Ọṣẹ dúdú ni mo ń ṣe nígbà náà, tí mo ń tà á l'Ọ́jà Akẹ̀sán, níbi tí ìyá ọkọ mi jókòó sí kó tó fi í lé mi lọ́wọ́. Bí ọṣẹ bá ti le díẹ̀, a ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ kó jin. Àmì wa nìyẹn. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ọṣẹ Alátàǹpàkò. Ìyá ọkọ mi a máa sọ pé òun kò bí ọmọbìnrin, orúkọ yẹn lọmọbìnrin òun. "Má jẹ́ kó sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́," ohun tó sọ fún mi gbẹ̀yìn nìyẹn.

Àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe dé ọjà. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ń fi orúkọ tajà lọ fi orúkọ náà sílẹ̀, pé inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí, ẹni tó bá sì ṣáájú ló ni ín. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Àwọn onífáìlì ti kó igbá mi lọ rí nítorí owó orí. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ni ọṣẹ, mo ní, "Ìyá tó ni ín ti re Mẹ́kà." Ọgbọ́n ni mo pè é, èmi tí n kò rékọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé mi. Gbogbo ọjà fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Kò pẹ́ ni oníbàárà mi kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ mú ọṣẹ wá nínú ọ̀rá tó ń dán. Wọ́n ya àtàǹpàkò sí i lára. Ó ní obìnrin kan ló ń tà á fáwọn ọmọ yunifásítì ládùúgbò Under G níbẹ̀, ó sì fẹ́ fi orúkọ náà sílẹ̀. Mo jókòó lórí àpótí mi.

"Ìyá, ẹ dìde," ó ní. "Àbí ẹ ò tíì ti Mẹ́kà dé ni?"

Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé tó ń báni fi orúkọ ọjà sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Akọ̀wé ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, kí n tẹ̀ka. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀.

"Màmá, ẹ nu ọwọ́ yín."

"Mo ti nù ún."

"Kò rí nǹkan kan. Ó ní ẹ ò ní ìka."

Àwọn ọmọ tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Mo wo àtàǹpàkò mi, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ ti jẹ gbogbo ìlà rẹ̀ tán. Ìgbà náà lẹ̀rù wá bà mí gan-an. Àwọn àfáà máa ń sọ ọ́ ní wáàsí pé lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, ẹnu yóò dákẹ́, ọwọ́ ni yóò jẹ́rìí. Kí ni tèmi fẹ́ sọ? Mo sẹ́ àtàǹpàkò lọ́jà, àtàǹpàkò ló wá sẹ́ mi yìí.

Akọ̀wé ní kí n má fọwọ́ kan eérú fún oṣù kan, kí n máa fi òrí pa ọwọ́, pé ìlà yóò hù padà.

"Bí obìnrin yẹn bá ṣáájú mi ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ó ṣáájú yín nìyẹn."

Oṣù yẹn gùn ju oyún lọ. Láràárọ̀ ni mò ń gbé àtàǹpàkò sójú fèrèsé. Bí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ bá dúró, ara mi á bù máṣọ, mo rò pé ìròyìn ló gbé wá. Nígbà tí ìlà tín-ín-rín yọ, mo padà lọ. Ẹ̀rọ gbà á. Nígbà tí nọ́ńbà jáde, akọ̀wé wá tẹ orúkọ ọṣẹ wa sínú kọ̀ǹpútà.

"Ó ṣì wà nílẹ̀," ó ní. "Obìnrin yẹn wá. Ó ní òun dé Akẹ̀sán, wọ́n ní ẹni tó ni ín wà ní Mẹ́kà, òun ò sì ní í gba nǹkan àlájà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń dúró kẹ́ ẹ dé." Ó wò mí lójú. "Màmá, ẹ kú àbọ̀."

Ìyàwó ọmọ mi ló ń ṣe ọṣẹ báyìí. Ìwé tí wọ́n fún mi lórí orúkọ náà wà lára ògiri, ìlà sì ti hù sí gbogbo ìka mi, kò sí ẹ̀rọ tí kò ní í dá mi mọ̀. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ń rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rín in. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, mo máa ń wo ọwọ́ yìí pẹ́. N ò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, ọṣẹ tó ṣe ni, àbí Mẹ́kà tí n kò lọ.