Ikọ́ Tí Kò Gbọ́ Oyin, Tí Kò Gbọ́ Orógbó

Ẹ fìdí mọ́ ibì kan, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ikọ́ fún yín. Bẹ́ẹ̀ ni, ikọ́ ni mo wí! Ikọ́ lásán tí ọmọdé ń wú, tí wọ́n á fún un lóyin lá, tí á sì lọ. Tèmi kò lọ o. Ó gbé àga, ó jókòó sí mi lọ́fun, ó sì kù díẹ̀ kó lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa, tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Mo ní ọkọ, mo ní ọmọ, mo sì ní ohùn. Ẹ má bínú, mi ò fọ́nnu! Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń fún mi lórin dá kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Orí ń fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, ọkọ mi wá ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ọsibítù kékeré àdúgbò wa. Wọ́n so nǹkan wọn mọ́ mi lápá, wọ́n fẹ́ ẹ títí ó fi le. Nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀rọ, ó wò mí, ó ní, "Mà, ṣé ẹ sáré wá síbí ni?" Mi ò sáré o, ọkọ̀ ni mo wọ̀! Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ló ga. Dókítà ibẹ̀ fún mi ní oògùn kékeré kan, hóró kan láràárọ̀. Lisinopril lorúkọ rẹ̀.

Ká sọ òtítọ́, oògùn náà ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí orí fi yé fọ́ mi, ìfúnpá mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo wá ń yan káàkiri bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe hẹ́dímísíréèsì.

Ìgbà tó yá ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ó dà bíi pé ìyẹ́ adìyẹ kékeré kan há síbẹ̀. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún wú u. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò jáde, ara ò gbóná, imú ò dí. Ikọ́ gbígbẹ ṣá ni. Mo ní ọyẹ́ ló fà á, pé bí ọyẹ́ bá lọ, yóò lọ. Ọyẹ́ lọ. Òjò dé. Ikọ́ bá mi pàdé òjò!

Kí ni mi ò lò tán? Mo po oyin mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, mo lá a. Mo se atalẹ̀, mo mu ún. Orógbó ńkọ́? Mo jẹ ẹ́ títí gbogbo oúnjẹ fi ń korò lẹ́nu mi.

Mo wá lọ ra oògùn ikọ́ olómi kan. Ẹ gbọ́ ná! Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mo mu ún kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bu díẹ̀ lé iye tí wọ́n ní kí n mu, kó lè lágbára. Ìwàásù ò tíì débì kan tí oorun fi gbé mi lọ. Mo gbórí lé èjìká Ìyá Bùsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń kọrin, lórí ìjókòó akọrin, níwájú gbogbo ìjọ! Nígbà tí àlùfáà gbóhùn sókè, tó ń bèèrè pé ta ni yóò dìde fún Olúwa, èmi nìkan ni mo fò dìde. Mo rò pé orin ló kàn ni! Mo lanu, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí Ìyá Bùsọ́lá tó fà mí láṣọ. Àlùfáà fúnra rẹ̀ fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Oorun dá lójú mi. Ikọ́ náà jí.

Nílé ìwé, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ mi lọ́nà. Wọ́n á ti jókòó jẹ́ẹ́ bí áńgẹ́lì. Èrè kan ṣoṣo tí mo jẹ lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìrè. Màmá yìí fẹ́ràn mi, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi, mo rí wọn tí wọ́n ń fa kọ́ọ̀pù wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ukọ́ kí ni rè é? Àbí ukọ́ ife ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà ju bí mo ṣe fi hàn wọ́n lọ. Mo lọ ṣàyẹ̀wò. Wọ́n ní kí n ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wo? Mo ha á, mo ha á, itọ́ lásán ló jáde. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n ní àyà mọ́, kò sí ikọ́ ife níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ibi tí mo ti ń dúpẹ́ náà ni mo tún ti wúkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá débi tó dùn mí. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ń sún mọ́lé, èmi ni wọ́n sì fún ní orin tí ẹnì kan máa dá kọ. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Fálayé, olùdarí akọrin wa, wá kí wa nílé. Mo gbé omi fún wọn, wọn ò mu ún, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ojú tì mí níwájú àwọn àlejò, pé ṣé mo lè jẹ́ kí Dúpẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin kan láàárín wa, bá mi kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kò burú, sà. Mo sìn wọ́n dé ìta, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà wọlé, mo jókòó ní kíṣìnnì, mo bú sẹ́kún. Ẹkún àti ikọ́ wá dà pọ̀, ọkọ mi ò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ bá mi dá dúró.

Ìyá Bùsọ́lá gbọ́, ó wá. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá Dàmọ́lá, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, ṣé o máa ń wúkọ́ báyìí?"

Mo ronú, ronú. Mi ò wú u rí.

"Ṣé o rí i? Dà á nù! Kí lo fẹ́ fi oògùn tó ń fìyà jẹ ọ́ ṣe?"

Bó ṣe lọ tán ni mo mú páálí oògùn náà, mo dé ìdí garawa ìdọ̀tí, mo na ọwọ́. Ni mo bá rántí bàbá mi. Nígbà tí orí ò fọ́ bàbá mi mọ́, tí ara wọn yá, wọ́n ní àwọn ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Inú oko iṣu ni rọpárọsẹ̀ ti gbé wọn ṣubú. Wọ́n pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò di ọkọ́ mú mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo kó oògùn náà sí báàgì pẹ̀lú oògùn olómi, oyin, orógbó àti gbogbo ohun tí mo ń lò, mo sọ fún ọkọ mi pé ó di ọsibítù ńlá ní Ìdó.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò bá rí wa nínú tákísí! A ò tíì kúrò ní Ìkọ̀lé tán tí gbogbo èrò ti sọ gíláàsì kalẹ̀. Nígbà tá a dé Ọ̀yẹ́, ọmọ yunifásítì kan wọlé, ó gbọ́ ikọ́ mi díẹ̀, ó yára fún mi ní súìtì. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ṣàánú àbí ara rẹ̀.

Dókítà obìnrin kan ló dá wa lóhùn, ọmọdé ni, ó sì lọ́yàyà. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n rí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń lò." Mo dà wọ́n sórí tábìlì bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Kò wo oyin, kò wo orógbó. Ó mú lisinopril, ó ní, "Ó jọ pé ẹni tó ń dà yín láàmú rè é."

Ó ní kí n fojú inú wo iṣan ẹ̀jẹ̀ bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà. Nǹkan kan wà nínú ara tó máa ń fún rọ́bà náà mọ́ra. Tó bá fún un jù, ìfúnpá á ga. Ó ní ká mú un bíi pé òṣìṣẹ́ kan wà nínú ara tó ń pèsè ohun afúnṣan yìí, òṣìṣẹ́ yẹn gan-an ni oògùn mi dè lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí iṣan fi dẹ̀, tí ìfúnpá fi wálẹ̀.

"Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni òṣìṣẹ́ yìí ń ṣe, Mọ́mì. Òun náà ló máa ń gbá nǹkan mìíràn kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tá a ti wá dè é lọ́wọ́, ta ló máa gbálẹ̀?"

Kí n tó ronú, ọkọ mi ti dáhùn bí ọmọ kíláàsì mi: "Kò sẹ́nì kankan!"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, sà. Nǹkan tí wọn ò gbá yẹn á máa pọ̀ sí i, á máa yún ọ̀fun, èèyàn á sì máa wúkọ́. Oyin ò sì lè bá yín gbálẹ̀ ibẹ̀."

Ó ní kì í ṣe oògùn burúkú, ọ̀pọ̀ ló ń lò ó tí wọn kì í wúkọ́ rárá, ara tèmi ni kò bá a mu. Ó mú oògùn olómi mi náà, ó ní ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń wọ ọpọlọ lọ, tí á pa ohun tó ń jẹ́ kí ojú wa là, àgàgà téèyàn bá tún lọ bu lé e. Ojú tì mí. Ọkọ mi ti ròyìn bí mo ṣe dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì fún un!

Mo wá jẹ́wọ́ pé ó kù díẹ̀ kí n da lisinopril nù. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ikọ́ ì bá lọ lóòótọ́, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ìfúnpá yín ì bá gòkè padà, kò sì ní sọ fún yín. Ikọ́ ń pariwo. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo."

Ó pa oògùn mi dà sí losartan. Ó ní èyí kò ní de òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí ohun afúnṣan ń gbà wọlé ló máa tì pa. Òṣìṣẹ́ á máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní kí n ní sùúrù, ikọ́ ò ní lọ lọ́jọ́ kan, kí n sì padà wá kó lè wò bóyá ìfúnpá mi dúró dáadáa.

Nínú tákísí tá a wọ̀ padà, ọkọ mi di dókítà! Ó ṣàlàyé òṣìṣẹ́ àti ìgbálẹ̀ fún gbogbo èrò títí awakọ̀ fi ní kí ó bá òun yẹ oògùn ìyàwó òun wò. Mo tètè gún ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ikọ́ náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọ kíláàsì, mo bá àwọn ọmọ tí wọ́n ń jó lórí tábìlì. Wọn ò gbọ́ mi lọ́nà! Inú mi dùn débi pé mi ò lè bá wọn wí. Mo gba ilé Bàbá Fálayé lọ, mo kọrin fún wọn lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Wọ́n ní Dúpẹ́ ti kọ́ orin náà, kò yẹ ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ká jọ pín in. Mo gbà.

Lọ́jọ́ ìkórè, Dúpẹ́ kọ ẹsẹ àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Èmi kọ ìkejì. Mo gun ibi tó ga jù nínú orin náà, mo dúró síbẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀fun ò yún mi! Ìgbà tí mo jókòó tán ni ikọ́ kan ṣoṣo já lẹ́nu mi, "kẹ̀hẹ̀!" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n jó wá síwájú, wọ́n dì mọ́ mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Fálayé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìyá Dàmọ́lá, kí lẹ pe orúkọ oògùn àkọ́kọ́ yẹn? Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ọ̀yẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti ń wúkọ́ tipẹ́. A ti ń bá a gba ààwẹ̀ lórí rẹ̀." Mo ní kí ẹ̀gbọ́n wọn má ṣe dá oògùn kankan dúró o, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dání, kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà. Bàbá ò dúró jẹ ìrẹsì ìkórè. Ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà ni wọ́n gbà tààrà.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Oògùn tó ń tún ibì kan ṣe lára lè da ibòmíràn rú, kì í sì í ṣe ayé ló ń ṣe wá ní gbogbo ìgbà. Bí ara yín bá yí padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, ẹ má dákẹ́, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún ẹni tó fún yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Oògùn wo ló ti da yín láàmú rí, báwo lẹ sì ṣe mọ̀ pé òun ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹni tó bá sì ti sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì bíi tèmi, ẹ má tijú, ẹ wá sọ tiyín!