Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ apoògùn kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Ní yunifásítì, ìjókòó la fi ń kọ́ ọ. Ìgbà tí wọ́n wá rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ring Road, n'Ìbàdàn, ìdúró ni mo bá pàdé. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀, ojú wíńdò ni mo wà, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì ń sọ: "Kò sí, mà. Ó ti tán, sà. Ẹ lọ wò ó ní kẹ́mísì ní Dùgbẹ̀." Mo máa ń sọ ọ́ lójú oorun pàápàá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Àgbowó jí mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni kò sí?"

Ọdún tí nǹkan le ni. Oògùn wọ́n, súgà wọ́n, mílíìkì di ohun tí wọ́n ń fi ojú kàn. Bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Òjóò ti máa ń kún kó tó dé Àgbowó, màá sì rọ́ ara mi sáàárín àwọn èèyàn, a ó gba Bódìjà, a ó gba Mọ́kọ́lá. Bí mo bá bọ́ sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, màá tún wá ọkọ̀ Ring Road. Kí n tó wọ kóòtù funfun mi, ó ti rẹ̀ mí bí ẹni tó ti oko dé. Bí mo bá darí dé ilé tí wọ́n ní kí n ṣa ẹ̀wà, tí mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi á ní, "Wọ́n ní kí arúgbó gba ọmọ pọ̀n, ó ní òun ò léyín. Ẹsẹ̀ lo fi ń ṣa ẹ̀wà ni?" Màá jókòó, màá ṣa á.

Ọmọ Bendel ni ọ̀gá wa ní yàrá oògùn, ọkùnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Yorùbá kan ṣoṣo tó gbọ́ ni "Ẹ pẹ̀lẹ́". Olóyún dé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń bú u pé oògùn ò sí, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi ni mò ń bá a sọ ìyókù. Kì í ṣe èèyàn burúkú, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kí n tó dé ibẹ̀, ẹnì kan ti dáhùn orúkọ olórúkọ, ó gba oògùn wárápá lọ, ó sì lọ tà á. Ọ̀gá ni àwọn aláṣẹ dá lẹ́jọ́. Láti ìgbà náà ló ti ti oògùn wárápá mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì ṣòfin. A ò gbọdọ̀ pe orúkọ mọ́ fún ẹni tó bá wá gbà á. Ẹni náà ni kó fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ aláìsàn tó wà nínú káàdì. Bí kò bá pè é, kò ní rí i gbà. Lójú tèmi, òfin gidi ni. Ta ni kò mọ orúkọ aláìsàn tirẹ̀?

Ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Àgbò ń ké lórí bọ́ọ̀sì káàkiri ìgboro. Omi ẹ̀rọ kò yọ ní ilé ìwòsàn láti ìjẹta, èmi ni mo pọn èyí tí a fi ń po oògùn ikọ́. Ìlà gùn dé ẹ̀yìn ọgbà, nítorí ìgbà yẹn àwọn ṣójà ti fi pàṣán kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tò. Oògùn wárápá ku páálí kan péré, Dùgbẹ̀ ò ní, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òmíràn á dé lẹ́yìn ọdún.

Nígbà tí a ti fẹ́ máa palẹ̀ mọ́, obìnrin kan dé ojú wíńdò. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju tèmi lọ. Làálì ìgbéyàwó kò tíì ṣí tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, eruku ojú ọ̀nà Mòníyà sì ti bò ó. Ó fi káàdì lé orí pákó. Mo wò ó, Mòníyà ni ilé wọn, oògùn wárápá sì ni.

"Ta lẹ wá gbà á fún, mà?"

"Ọkọ mi ni."

Ọ̀gá gba káàdì náà, ó wò ó, ó sì kọjú sí mi, ó fi òyìnbó sọ pé, "Orúkọ obìnrin ló wà níbí. Ọmọdé ni. Báwo ló ṣe di ọkọ rẹ̀?"

Mo ní, "Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, sà. Ọkọ lòun náà ń jẹ́ fún un." Ó wò mí bí ẹni pé ara mi ò yá. Ó ní kí obìnrin náà ṣáà pe orúkọ.

Obìnrin náà dorí kodò. "Mi ò lè pè é. Mo bá wọn nílé ni."

Háà! Mo gbàgbé pátápátá. Bí ẹni pé wọn ò bí mi ní Ṣakí. Ìyá mi kò pe àbúrò bàbá mi tó kéré jù lórúkọ rí, "Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tí kò tíì mọ ìwé kà. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọmú, kì í dárúkọ rẹ̀. A jẹ́ Onítẹ̀bọmi, Mùsùlùmí ni tiwọn ní Mòníyà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé kò mọ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

"Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè wọ́n," obìnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó tún káàdì yẹ̀ wò. Ó ní kò sí Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ó sọ fún mi. "Níjọ́ tí oògùn tán, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni wọ́n ṣubú sí. Ọwọ́ wọn jó. Wọ́n tún ṣubú láàárọ̀ yìí. Ìyá ọkọ mi ló jókòó tì wọ́n, ọkọ mi ò sì sí nílé, ó lọ ra àgbò. Ọ̀la, gbogbo ojúlé ló máa dáná sí àgbàlá. Gbogbo ojúlé!"

Ọmọ tí kò tíì jáde ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń pè ní "wọ́n" yẹn. Mo ro iná Iléyá, ìkòkò ńlá lórí ààrò, òróró tó ń hó, ọmọdé láàárín wọn.

Ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìbàdàn gidi, tó ti ń dúró de oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti àárọ̀, já wọ ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ̀yin ọmọ ìwé yìí náà! Ìyàwó tó bá pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ṣé ilé ló fẹ́ gbé? Ìyàwó wa, má dá wọn lóhùn. Júwe orúkọ náà fún wa, àwa á pè é."

Obìnrin náà rò ó díẹ̀. "Orúkọ ìyá Ànábì Ísà ni."

Ìlà pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan náà, Mùsùlùmí ńbẹ̀, ẹlẹ́sìn Jésù ńbẹ̀, wọ́n pè é bí ẹni ń ṣe àmín. Òun gan-an ló wà nínú káàdì. Ara mi fúyẹ́. Mo yíjú sí ọ̀gá, mo ti ń na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́.

Ó mi orí. "Ìlà ló pè é. Òun kọ́. Nígbà tí wọ́n dá mi lẹ́jọ́, wọ́n bi mí léèrè pé ta ló pe orúkọ. Ẹnu ara rẹ̀ ni kó fi pè é, àbí kó máa lọ. Mo fẹ́ ti yàrá."

Inú bí mi. Ọlọ́run ló mọ̀, inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo fẹ́ sọ fún un pé àwọn àgbà kan ń bẹ nílùú yìí kó tó dé. Àmọ́ ó rẹ̀ mí. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni mo jẹ́, ẹsẹ̀ mi wú, ọ̀fun mi gbẹ, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní bẹ́líìtì rẹ̀. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún obìnrin náà. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Kò sunkún. Ó ṣí ìborùn orí rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí. Ó yí ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ọ̀nà Mòníyà, ibi tí ilé ọkọ rẹ̀ wà, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo èèyàn.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe àfojúdi. Nítorí àlàáfíà yín ni."

Ó wá pe orúkọ náà.

Ìyá àgbàlagbà yẹn fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá ní òun kò gbọ́, nítorí obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì rọra pè é ni. Ó ní kó tún un pè.

Mo ní, "Èmi gbọ́, sà. Ó pè é. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù."

N kò mọ irú ojú tí mo fi wò ó. Ó ṣí i. Nígbà tó ń na páálí náà sí obìnrin yẹn, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Obìnrin náà dúpẹ́, ó so oògùn mọ́ etí ìró, ó sì ń sáré lọ kí bọ́ọ̀sì tó wọ́n lójú ọ̀nà. Èmi náà wọkọ̀ lọ sí Àgbowó, mo dúró láti Dùgbẹ̀ títí délé, mo sì fi ẹsẹ̀ sínú omi iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ní kò sí.

Gbogbo ọjọ́ ọdún, bí èéfín ẹran ṣe ń gòkè ní Àgbowó ni ọkàn mi ń lọ sí Mòníyà. Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, kò sí ìròyìn. Mo ń wojú gbogbo ẹni tó bá dé wíńdò. Ó ń rẹ̀ mí sí i ni, ó tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé kí n fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀.

Nígbà tí oṣù ìkọ́ṣẹ́ mi ti ń parí lọ, tí oògùn wárápá sì ti tún dé, mo gbé orí sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, n kò rí ẹnì kankan lójú wíńdò. Ọwọ́ kékeré kan ló wà lórí pákó. Àpá iná wà lára rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìka, ó ti jiná. Mo nà gàgà láti wo ìsàlẹ̀. Ọmọdébìnrin kan dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ó wọ aṣọ Iléyá, ìyàwó náà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tijú.

Ọmọ náà kò kí mi. Ọ̀gá ló tẹjú mọ́. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó pe ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà gbọ́. Ó ní, "Èmi ni! Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mú ìyàwó mi pe orúkọ mi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún un mọ́. Èmi á máa bá a wá."

"Ọkọ mi, ó tó bẹ́ẹ̀," ìyàwó náà ń sọ lẹ́yìn, ó ti fi ìborùn bo ẹnu.

Ọ̀gá bi mí pé kí ni ọmọ náà wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láìyọ nǹkan kan kúrò. Ó tẹ̀ ba títí ojú rẹ̀ fi kan ojú ọmọ náà, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ọmọ náà wò ó dáadáa. Ó wá fi ọwọ́ tó jó yẹn gba oògùn rẹ̀, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun mú un, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà ibùdókọ̀.