Èékánná Tó Dúró Lókè

Ẹranko kan gbé èékánná sókè láti pa ẹyẹ kékeré kan ní ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan ní Maiduguri, èékánná náà ò sì tíì balẹ̀ títí di òní.

Inú géèmù ni. Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Custom ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo ń kàwé ní yunifásítì níbẹ̀, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Àwọn méjì ló ń jà. Ọ̀kan ni ọmọbìnrin sájẹ́ǹtì kan tí a jọ wà ní kíláàsì. Bárékè sójà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Èkejì ni ọmọ Alhaji tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ọ̀fà ni Alhaji, ṣùgbọ́n Bulabulin, ní Maiduguri níbẹ̀, ni wọ́n bí ọmọ wọn yìí sí, Ọ̀fà sì jìnnà sí i bíi Mẹ́kà. Bó bá ń bẹ̀bẹ̀, Yorùbá ló ń sọ. Bó bá ń bínú, Háúsá ló ń jáde. Èmi ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní àdúgbò Fori, mo sì máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn bí a bá ti parí kíláàsì.

Rédíò, bátìrì àti wáyà ni Alhaji ń tà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rọ géèmù kékeré méjì, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá mú. Kò sí iná nínú wọn. Bí oòrùn bá wà, ẹ ó rí ojú rẹ̀ kedere. Bí kò bá sí, ó di gíláàsì lásán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jókòó síta, lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin Kànúrí kan tó ń ta tíì, tí gbogbo ayé ń pè ní mai shayi.

Géèmù ẹranko là ń pè é. Ẹni tó ń ṣe é á máa rìn kiri inú igbó, á mú ẹranko, á tọ́ ọ dàgbà, á sì mú un lọ bá ẹranko ẹlòmíì jà. Bí ẹni méjì bá fẹ́ jà, wọ́n á fi wáyà so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì méjì ni Alhaji ní, kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ò sì lè tọ́jú ju ìrìnàjò ẹnì kan lọ. Nítorí náà wọ́n ṣòfin. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó dé, àwọn tó ni ìrìnàjò inú kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì á jà. Ẹni tó bá borí, tirẹ̀ á dúró. Ẹni tó bá pàdánù, Alhaji á pa tirẹ̀ rẹ́ pátápátá, kí àlejò lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún yẹn, ọmọ sájẹ́ǹtì ló ni ọ̀kan, ọmọ Alhaji ló ni èkejì.

Ẹyẹ kan ni ọmọ sájẹ́ǹtì ní. Ìgbà tí àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì ló tọ́ ọ. Yunifásítì wà ní títì, wọ́n sì ti rán bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ àlàáfíà ní orílẹ̀-èdè tí ogun ti ń jà. Lẹ́tà kì í tètè dé. Ọ̀sán kọ̀ọ̀kan ló ń wá sí Custom, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sì máa tọ́ ẹyẹ náà. Géèmù yẹn fàyè gbà á kí èèyàn fún ẹranko rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ nìkan fi ń pè é láti kékeré ló fún un.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi mú ẹranko tó lágbára.

Ó ní, "Mi ò wá agbára. Mo kàn fẹ́ kí ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Dádì bá dé. Màá tan án, màá sọ fún wọn pé ẹ wò ó, ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ò sí nílé nìyí."

Ẹyẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìjà jà. Ó máa ń ṣá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò wọlé. Ohun tó mọ̀ dáadáa ni kó fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀, kí ó sì da yẹ̀pẹ̀ sí ọ̀tá rẹ̀ lójú. Yẹ̀pẹ̀ náà kì í dun ẹni tó bá bà, kì í dá egbò. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé ọwọ́ ẹni tó gbà á lójú kì í bá ibi tó ń sọ ọ́ sí mọ́. Bó bá tún da òmíràn lé e, ọ̀tá á tún ṣì í sí i. Ṣùgbọ́n kò sí bí yẹ̀pẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó tí ojú ọ̀tá yóò fọ́ tán. Yóò ṣì máa rí fìrífìrí. Ìgbàkígbà ni ọwọ́ rẹ̀ lè bà ẹ́.

Ẹranko ọmọ Alhaji ga, èékánná rẹ̀ gùn. Bó bá bà ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Ọmọ Alhaji ní, "Ẹyẹ tí ò ju àdàbà lọ! Kí ló mọ̀ ọ́n ṣe ju kó máa da yẹ̀pẹ̀?"

"Yẹ̀pẹ̀ náà ni mo máa fi bọ́ ẹ yó."

"Wallahi, ìjà ojo nìyẹn. Ṣùgbọ́n má ṣèyọnu. Bí mo bá borí, kí Baba tó pa á rẹ́, màá fa ẹyẹ ẹ gba inú wáyà sínú kásẹ́ẹ̀tì tèmi. Á máa gbálẹ̀ fún mi."

"Kàkà kó gbálẹ̀ fún ẹ, kó parẹ́."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ sájẹ́ǹtì ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Alhaji mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fòfin de yẹ̀pẹ̀. Alhaji ń tú rédíò kan lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.

"Ta ló fi yẹ̀pẹ̀ sínú géèmù yẹn? Ṣé èmi ni?"

"Rárá, Baba."

"Àwọn òyìnbó tó ṣe é ló fi síbẹ̀. Ìwọ náà lọ bá wọn níbẹ̀. Haba! Ọmọ tí wọ́n bí sí Maiduguri, yẹ̀pẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù!"

Ọjọ́ ìjà pé. Láti òwúrọ̀ ni ọyẹ́ ti bo ìlú. Oòrùn wà lókè bí àwo tí ẹnì kan gbàgbé sínú omi ọṣẹ. Ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì kò hàn mọ́. Àwọn ọlọ́kadà, tí a ń pè ní achaba níbẹ̀, ìró wọn là ń kọ́kọ́ gbọ́; wọ́n á yọ, wọ́n á kọjá pẹ̀lú ẹni tó fi láwàní wé imú, afẹ́fẹ́ á sì gbé wọn mì bí ẹni tí a lá lójú àlá. Ohùn gbogbo wa rọlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní ká dákẹ́. Tíì tí mo ń mu ní ìtọ́wò eruku. Nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ara Maiduguri kì í fọwọ́ kan nǹkan láì kọ́kọ́ nù ún: a ń nu bẹ́ǹṣì, a ń nu ife, a ń nu ojú ìwé kí a tó kà á. Ọwọ́ a máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Alhaji jáde, wọ́n fi ẹsẹ̀ kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí òkìtì kékeré méjì níwájú bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n ti máa ń ṣe kí ìjà ńlá tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀fà ni wọ́n ti gbé e wá, láti ìgbà èwe wọn.

Wọ́n nàka sí i. "Èyí ni ìyá tìẹ. Èyí ni ìyá tiẹ̀. Ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀, kó tú ìyá ẹnìkejì ká."

Ó yẹ kí ẹ rí ojú mai shayi. Ó fi Háúsá béèrè pé kí ni ìyá wọn ṣe. Ọmọ sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀, òkìtì ọmọ Alhaji fọ́n ká. Ọmọ Alhaji náà gbá ti ọmọ sájẹ́ǹtì. Eruku dìde, ó dara pọ̀ mọ́ eruku tó ti wà nílẹ̀. Wọ́n so wáyà.

Ẹyẹ náà da yẹ̀pẹ̀. Èékánná wá, ó ṣì í. Ẹyẹ tún da yẹ̀pẹ̀. Èékánná tún ṣì í, ẹnì kan lẹ́yìn mi ní "Kai!" Ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Ẹ̀mí ẹranko ńlá náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni èékánná ha ẹyẹ lára fẹ́ẹ́rẹ́, kò bà á tán, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ẹ̀mí tó kù fún un kò ju okùn òwú lọ.

Ó wá ku kí wọ́n kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹyẹ bá ṣá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó borí. Bí èékánná bá kọ́kọ́ bà á, ó parí. Ẹranko ńlá náà ló yá jù, òun ni yóò kọ́kọ́ kọ lù ú. Àwọn méjèèjì tẹ bọ́tìnì. Èékánná gbéra.

Ìgbà náà gan-an ni oòrùn kú. Eruku kan wá láti ọ̀nà aṣálẹ̀, ó pupa, ó ki, ojú ẹ̀rọ méjèèjì sì di gíláàsì lásán. A ò rí nǹkan kan. Gbogbo orí wa jọ tẹ̀ síwájú. Ọmọ Alhaji ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe: ó fi apá kaftáànì rẹ̀ nu ojú ẹ̀rọ náà.

Wáyà yọ.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà, ohun tó wà lójú ẹ̀rọ méjèèjì ni àwòrán tó ti dì gbagi. Èékánná wà lókè. Ẹyẹ wà nísàlẹ̀. Bọ́tìnì kankan ò dáhùn mọ́.

Ariwo sọ. Àwọn kan ní ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, ẹ̀rù ló bà á. Àwọn mìíì ní èékánná ti bà á tán, ẹyẹ ti kú. Ọmọ Alhaji na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Wallahi tallahi, mo kàn ń nù ún ni! Baba, mo kàn ń nù ún ni!"

Ọmọ sájẹ́ǹtì kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ó di ẹ̀rọ náà mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí eruku kan ẹyẹ náà.

Alhaji pe mai shayi pé kó wá sọ ohun tó rí, torí òun nìkan ni kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Mai shayi ní, "Èmi ò mọ ẹyẹ, mi ò mọ ẹranko. Mo rí i tí wọ́n gbá ìyá ara wọn. Mo rí i tí ọmọ yìí nu nǹkan, bí èmi náà ṣe ń nu ife. Lẹ́yìn náà, eruku ni mo rí."

Alhaji jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n wo ibi tí òkìtì méjèèjì ti tú ká. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn rọlẹ̀ bíi tiwa.

"Ìjà tí a ti tú yẹ̀pẹ̀ lé lórí, a kì í fagi lé e. Ó lè dúró, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ parí. Ìjà tí kò sì tíì parí kò ní ẹni tó pàdánù. Mi ò ní pa nǹkan kan rẹ́. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá là, wọ́n á padà wá jà á."

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ńkọ́, Baba?"

"Màá wá kásẹ́ẹ̀tì mìíì fún wọn. Ẹ fún mi ní tíì."

Ojú ọjọ́ kò tètè là lọ́dún yẹn. Nígbà tó là, ìdánwò ti dé. Lẹ́yìn ìdánwò, lábẹ́ òjò àkọ́rọ̀, ọmọ sájẹ́ǹtì fa ọkùnrin kan tó rù wá sí Custom, pẹ̀lú síkáàfù aláwọ̀ ojú ọ̀run ti àwọn sójà alálàáfíà, tó ti ṣá, lọ́rùn rẹ̀. Alhaji ti mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni kí wọ́n tó sọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde, wọ́n tan án. Ọkùnrin náà gbé e súnmọ́ ojú, ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ka orúkọ ẹyẹ náà sókè. Ó tún kà á. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láì nù ún.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó béèrè ìjà yẹn mọ́.

Mo ti kọ ìròyìn kiri ọ̀pọ̀ ìlú láti ìgbà náà. Láìpẹ́ yìí, mo pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lórí fóònù, nítorí mi ò fẹ́ fi ìrántí tèmi nìkan kọ ọ́. Ọmọ sájẹ́ǹtì béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ó ṣì wà?" Ọmọ Alhaji, tó ti ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí, ní, "Sọ fún un pé ti gbígbálẹ̀ yẹn, àwàdà ni. Mo kàn fẹ́ bá a tọ́jú ẹ̀ ni." Ó wá gbé fóònù fún bàbá rẹ̀.

Alhaji ní kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà nínú agolo mílíìkì, pẹ̀lú wáyà náà, wọ́n sì fi láílọ́ọ̀nù dì wọ́n kí eruku má baà wọlé.

Mo ní, "Alhaji, ẹ ti tan án wò láti ìgbà yẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ tan án wò fún? Ìjà ṣì ń lọ."

Mo gbọ́ ohùn ọmọ wọn láti ẹ̀yìn: "Baba, kì í ṣe ibi tó dúró sí ló ti máa bẹ̀rẹ̀ o. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni."

"Ìwọ ni adájọ́ àbí èmi?"

Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n máa parí rẹ̀. Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú fóònù.

Wọ́n ní, "Ọyẹ́ ti dé síbí lónìí. A ò rí òdìkejì títì. Bó bá ti lọ, tí àwọn méjèèjì bá lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n á so wáyà, wọ́n á sì jà á parí. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á rẹ́."