Ìwé Tí Mo Jí Lọ́wọ́ Tísà Orin

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajah, tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ilẹ̀ fún ọ̀nà márosẹ̀, ẹni tó bá ti mú bírò dání la máa ń fura sí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ ẹ́síteètì. Àlejò á tọrọ omi mu lónìí, tó bá di ọ̀la, ẹ ó bá òpó símẹ́ńtì tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná yín.

Ìgbà yẹn gan-an ni tísà orin dé láti ìlú òkè. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwa ọmọdé ní dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀fẹ́ yẹn ló sì kọ́kọ́ kọ ìyá bàbá mi lóminú. Màmá ní apẹja kì í ta ẹja lọ́rẹ ìdẹ.

Èyí tó wá burú ni pé, bí àwọn ará ilé wa bá ń fa àwọ̀n létí ọ̀sà, tísà á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn á máa kọ orin ìfàwọ̀n wa sínú ìwé aláwọ̀ búlúù. Orin yẹn kì í ṣe orin lásán. Inú rẹ̀ la ti ń ka ààlà ilẹ̀ wa, láti ìdí àgbọn méjì títí dé ẹnu odò, kí ọmọ tó ń fa okùn má baà gbàgbé. Èmi náà kíyè sí i pé ìlà ìdí àgbọn ni tísà máa ń ní ká tún kọ. Mo fẹ́ràn wọn dénú, síbẹ̀ ara fu mí.

Màmá ní kí n lọ mú ìwé náà wá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, n kò ní fọwọ́ kan dùùrù mọ́ láyé. Dùùrù yẹn sì ni gbogbo ayé mi. Bí tísà ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń tún ẹsẹ̀ dùùrù ṣe, mo ti ìwé bọ abẹ́ aṣọ, mo sá lọ.

Olórí ẹbí wa, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀wé nílé, yẹ̀ ẹ́ wò. Dò-rè-mí tí wọ́n fi ń kọ ohùn orin sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n olórí ẹbí ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n rí lẹ́tà kéékèèké pẹ̀lú ìlà, wọ́n ní ìwọ̀n ilẹ̀ ni, tísà ti tà wá. Wọ́n ránṣẹ́ pe tísà. Tísà wo ìwé lọ́wọ́ Màmá, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tó ń gbọ̀n, wọ́n dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Èmi ni mo fi rán an sí yín, kí ẹ lè bá mi wò ó bóyá mo ṣì í kọ."

Tísà ṣí ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àgbọn, wọ́n gbé ohùn ga jù. Màmá ò lè mú un mọ́ra.

"Rárá o! Ó máa ń wálẹ̀ níbẹ̀ ni." Màmá fúnra wọn gba orin náà, wọ́n kọ ọ́ títí dé ẹnu odò. Àṣé torí pé ibẹ̀ kò yé tísà ni wọ́n ṣe ń ní ká tún un kọ! Síbẹ̀, Màmá ní ìwé ò ní kúrò nílé àwọn. Tísà fi í sílẹ̀, mo sì padà sídìí dùùrù. Títí dòní ni mo ń dúpẹ́ irọ́ tí tísà pa yẹn.

Wọ́n ti fi iyanrìn dí etí ọ̀sà báyìí, fẹ́ǹsì ló wà níbi tí àgbọn wà. Màmá ti lọ, tísà ti lọ, inú ìwé búlúù tó wà lórí dùùrù mi nìkan ni orin náà kù sí. Èmi náà ń kọ́ ọmọ ní dùùrù lọ́fẹ̀ẹ́ ní àdúgbò Abraham Adésànyà. Ìyá ọ̀kan nínú wọn máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ mi, ojú kan lórí fóònù, ojú kan lára mi. N kì í bínú sí i. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ṣọ́ ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fa ọmọ rẹ̀ dé, ìwé búlúù mi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, inú báàgì ẹ̀ ni mo ti rí i. Ṣé ẹ̀yin lẹ fún un ni?"

Mo wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó ń gbọ̀n.

"Èmi ni mo fi rán an," ni mo wí.