Ìwọ̀n Ìyá Onítọ̀

Ìtọ̀ màlúù ni ìyáálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, fi ń tọ́jú àgbàdo. Ìyẹn la ṣe ń pè é ní Ìyá Onítọ̀, èmi gan-an sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Opó ni. Ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ti ṣá, olórí ẹbí sì ti sọ fún un pé tí kò bá so lọ́dún yìí, ọkọ mi ló máa gbà á.

Láràárọ̀, á gbé garawa lọ sí ọgbà màlúù, á gbe ìtọ̀ wọn. Á dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, á dé e fún ọ̀sẹ̀ méjì, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á bu abọ́ kan sí ogún abọ́ omi, á wá gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, á fín in sórí ewé kí oòrùn tó mú. Òórùn rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ọmọ tó bí ń jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí rẹ̀.

Àmọ́ àgbàdo rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, tiwa pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ọkọ mi gbé ìgbéraga mì, ó mú mi dání lọ bá a.

"Ìyàwó wa, kí lo ń pò mọ́ ọn?" ọkọ mi bi í.

"Omi lásán ni o. Tẹ́ ẹ bá bu abọ́ ìtọ̀ kan, ẹ bu omi ogún abọ́ lé e. Ẹ má fín in lọ́sàn-án o, á jó o." Ó tún bu ìtọ̀ kẹ́ẹ̀gì kan fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo pọn omi dé, ọkọ mi fi ẹsẹ̀ ta á dànù. "Ta ló máa ń fi àṣírí ẹ̀ han ọ̀tá? Ó fẹ́ kí n bomi la tèmi kó má baà ṣiṣẹ́ ni!" Ọ̀sán gangan ló fín in, láìbomi là á rárá. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo ewé àgbàdo wa ti jó gbẹ.

Ọkọ mi ní Ìyá Onítọ̀ ló ba àgbàdo òun jẹ́, ẹbí bá pe ìpàdé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé àpótí Ìyá Onítọ̀ sí, nítorí òórùn.

"Ọ̀kan sí ogún ni mo sọ fún wọn," ó ní. "Ìyàwó wọn wà níbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọkọ mi ń tayín, kò wò mí.

"Mi ò rántí," ni mo wí.

Mo rántí. Ẹ̀rù ọkọ mi ń bà mí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi tún wà lára ilẹ̀ yẹn. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Olórí ẹbí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ẹ ni wàá sọ òótọ́ fún?" Ilé hó fún ẹ̀rín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ilẹ̀ náà fún ọkọ mi, tàgbàdo-tàgbàdo, láti fi dí èyí tó jó.

Bí a ṣe ń dìde lọ ni ọkọ mi rántí pé àgbàdo náà ò tíì yọ ọmọ.

"Ìyàwó wa, kó o wá fín in láàárọ̀ ọ̀la o. Ìwọ lo mọ ìwọ̀n ẹ̀."

Ó wá. Èmi ni mo gbé pọ́ǹpù kọ́ ọ lẹ́yìn. Kò wojú mi.