Ìwé Aládàbà Méjì Tí Lọ́yà Mi Gbé Lọ sí Kóòtù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n lánàá, obìnrin kan wá rán aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ayétòrò. Ó ní òun fẹ́ kọ ọkọ òun, pé wọ́n ti júwe lọ́yà kan fún òun ní Ìlaro. Ó dárúkọ ọ̀gbẹ́ni náà. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín kí inú tó bí mi. Lọ́yà tèmi ni!

N kò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Ẹni tó bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n: ọkùnrin gíga kan tó máa ń gbé gíláàsì rẹ̀ sórí, bí ẹni pé àtàrí ló fi ń kàwé.

Èmi àti Bàbá Àbẹ̀ní ti fẹ́ra fún ọdún mọ́kànlá. Tíṣà ni. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìmẹ̀kọ, ó ní òun á máa wálé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ó di ọdún Àjíǹde. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé obìnrin mìíràn ti lóyún fún un lọ́hùn-ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn o: kò bú mi, kò sì nà mí rí. Bàbá Àbẹ̀ní kì í pariwo, kì í mu ọtí, kódà ọtí ẹlẹ́rìndòdò gan-an kò kà á sí. Ó kàn rọra fi ilé sílẹ̀ ni.

Ohun tó dùn mí jù ni Àbẹ̀ní, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Bàbá rẹ̀ wá mú un lọ lo họlidé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìmẹ̀kọ. Họlidé parí, ọmọ kò padà. Mo pè é, ó ní ilé-ìwé tó wà lọ́dọ̀ òun dára ju ti ọ̀dọ̀ mi lọ. Mo rọra ń bá a sọ ọ́, òun náà sì ń rọ̀. Ó tiẹ̀ sọ lórí fóònù pé ká jẹ́ kí sáà parí, pé òun á mú ọmọ wá, ká wá jọ jókòó síwájú àwọn àgbà ká tú ìgbéyàwó náà ní ìrọ̀rùn. Ṣé ẹ rí i? Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Ká ní mo mọ̀ ni!

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n má jókòó máa wojú ọkùnrin. Ó ní kí n lọ sí kóòtù, kí n fi àṣẹ ìjọba gba ọmọ mi. Mo gbà. Mo wọ ọkọ̀, ó di Ìlaro.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa télọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, màá ní kẹ́ ẹ dìde dúró. Màá wọn èjìká, màá wọn àyà, màá wọn ìdí. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ mú aṣọ àtijọ́ yín wá pé bó ṣe rí nìyí, màá ṣì wọ̀n yín, torí ara èèyàn kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá gé aṣọ láì wọn aláṣọ, aṣọ oníyẹn ló fẹ́ bà jẹ́.

Lọ́yà yìí kò wọn nǹkan kan lára mi. Kò bi mí pé báwo lẹ ṣe fẹ́ra. Kò bi mí pé kí lọkọ ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, fóònù rẹ̀ dún, ó dáhùn. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó ní kí Màdáámù fọkàn balẹ̀, pé òun ti gbọ́ irú ẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, pé bákan náà ni gbogbo ọkùnrin rí. Lóòótọ́? Ṣé bákan náà ni gbogbo lọ́yà náà rí ni?

Ó wá bèèrè ìwé ìgbéyàwó. Mo yọ ọ́ nínú báàgì, ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n gbàdúrà lé wa lórí. Ìwé tó rẹwà ni! Àdàbà méjì wà lókè rẹ̀, wọ́n jọ fẹnu gbé òrùka kan, òdòdó yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ìwé ìrántí ìbùkún. Ọ̀gbẹ́ni gbà á, ojú rẹ̀ kò kan ìwé náà, ó kì í bọ inú fáìlì. Fọ́tò tí mo ti wọ gáùn funfun ló wò, tó fi mi orí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí gáùn funfun ti wà ńbẹ̀, Háì Kóòtù ló kàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ìwé ẹjọ́ ti délẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó nípọn! Ó ní kí n fọwọ́ sí ibí, kí n fọwọ́ sí ibẹ̀, kí n lọ búra pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣé mo kà á? Ẹ bú mi, mo yẹ lẹ́ni à á bú. Mo jáde ìwé mẹ́wàá o, n kì í ṣe púrúǹtù. Mo kàn rò pé ẹni tó kàwé tó tó yẹn kò lè fi iṣẹ́ ṣeré ni.

Akọ́dà kóòtù gbé ìwé náà lọ bá Bàbá Àbẹ̀ní ní ilé-ìwé, ní yàrá àwọn tíṣà. Ó dúró kà á níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń yọjú kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló pè mí. Kò pariwo, ẹ sáà mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ìyá Àbẹ̀ní, ìgbà wo ni mo mutí? Ìgbà wo ni mo fi bẹ́líìtì nà ọ́ títí o fi dákú?"

Mo ní irọ́ ni, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo fa ẹ̀dà tèmi yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo wá kà á. Yéè! Wọ́n ní ọkọ mi máa ń mu ògógóró láti àárọ̀. Wọ́n ní ó ń fi bẹ́líìtì nà mí. Wọ́n ní ó lé èmi àti ọmọ wa méjèèjì síta nínú òjò. Ọmọ méjèèjì wo? Níbo ni mo ti rí èkejì? Nígbà tí mo dé ojú ewé kẹsàn-án, ọkọ mi tí í ṣe tíṣà ti di awakọ̀ tírélà!

Ó wá yé mi. Ẹjọ́ obìnrin mìíràn ni ọ̀gbẹ́ni yìí gbé kalẹ̀, ó pa orúkọ onítọ̀hún rẹ́, ó kọ tèmi sí i. Kò tilẹ̀ ní sùúrù láti pa á rẹ́ tán. Aṣọ tó rán fún ẹlòmíì ló gbé wọ̀ mí lọ́rùn.

Mo gba Ìlaro lọ lọ́jọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín! Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, pé bí ata kò bá sí nínú ọbẹ̀, adájọ́ kò ní í tọ́ ọ wò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ irọ́ náà kúrò. Ó ní òun á tún un ṣe. Ó tún èwo ṣe? Ọ̀gbẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Èmi kò tíì dé kóòtù rárá tí ọ̀rẹ́ fi bàjẹ́. Ọkùnrin tó ní òun á mú ọmọ wá tí sáà bá parí, kò gbé ìpè mi mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la wà fún ohun tó lé lọ́dún kan. Lónìí, lọ́yà mi kò yọjú. Lọ́la, ó ní òun ní ẹjọ́ ńlá kan ní Abẹ́òkúta. Ẹjọ́ tèmi wá kéré, àbí? Ọmọ mi ni o!

Ọjọ́ Sátidé kan, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìmẹ̀kọ lọ wo Àbẹ̀ní. Ìyá ọkọ mi jẹ́ kí n rí i, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà la dúró sí. Mo na ọwọ́ sí ọmọ mi, kò wá kíákíá bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Màmá, àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹ sọ fún adájọ́ pé Dádì máa ń nà wá. Ìgbà wo ni Dádì nà mí?"

Kí ni kí n wí? Pé lọ́yà ló kọ ọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ lọ́yà? Mo sọkún láti Ìmẹ̀kọ dé Ayétòrò.

Níkẹyìn, ọjọ́ ẹjọ́ pé, gbogbo wa sì pé. Lọ́yà ọkọ mi, ọmọdébìnrin kan báyìí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó fẹ́ yá abẹ́rẹ́ lọ. Ó dìde, ó ní kí adájọ́ jọ̀ọ́ bá àwọn wo ìwé ìgbéyàwó tí a so mọ́ ẹjọ́ náà. Adájọ́ wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó wá kọjú sí lọ́yà mi, ó bi í bóyá ó ti ka ìwé yìí rí.

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ yẹn ni gíláàsì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti àtàrí wá sójú! Ọ̀gbẹ́ni ń wo àdàbà, àdàbà ń wò ó. Ó yíjú sí mi níwájú gbogbo kóòtù, ó ní ṣé a kò lọ sí rẹ́jísìrì ni. Mo ní a kò lọ. Ó ní kí ló dé tí n kò sọ fún òun. Mo ní kò bi mí!

Wọ́n rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn. Adájọ́ kò rín. Ó ṣàlàyé fún wa pé ìdána la ṣe, pé àdúrà ni ṣọ́ọ̀ṣì gbà fún wa, kì í ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, nítorí náà kóòtù ìbílẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u ká. Ó da ẹjọ́ náà nù. Ohun tó lé lọ́dún kan tí ọmọ mi fi ń wò mí bí òpùrọ́, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló parí sí.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́yà mi tún ní ká pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní kó gbé ìwé àdàbà mi fún mi. Mo gbà á, mo bá tèmi lọ.

Kóòtù ìbílẹ̀ ni mo gbà lọ, èmi nìkan, láìsí lọ́yà. Ààrẹ kóòtù àti àwọn méjì tó jókòó tì í bi mí ní èdè Yorùbá: báwo lẹ ṣe fẹ́ra? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọmọ ńkọ́? Ìbéèrè mẹ́ta péré! Èyí tí ọ̀mọ̀wé kò rí bi mí nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Nígbà tí mo parí, mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n sọ nǹkan kan sí i. Mo kọjú sí Bàbá Àbẹ̀ní, mo ní, "Irọ́ wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́sí. Ẹ kò mutí rí. Ẹ kò nà mí rí, ẹ kò na ọmọ wa. Ẹ fi mí sílẹ̀ ni, ìyẹn ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó doríkodò, ó ní ó ti tán. Nígbà tí wọ́n bi í lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, ó ní tí Àbẹ̀ní bá fẹ́ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, òun kò ní í jà.

Wọ́n mú ọmọ wọ yàrá kan, wọ́n bi í, ó ní òun fẹ́. Wọ́n tú wa ká, wọ́n sì ní kí Àbẹ̀ní máa gbé lọ́dọ̀ mi, kó máa lo họlidé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin lọ́yà tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tẹ́ ẹ bá wá fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ sórí ìwé ńkọ́? Ẹ jókòó gbọ́ oníbàárà yín. Ẹ ka ìwé tó bá mú wá. Bí ẹnu ọkọ àtìyàwó bá ṣì ń kò, ẹ má fi irọ́ tì í. Ẹ ó gba owó yín lọ sílé, àwa la ó máa bá ọmọ gbé! Mo sì ti sọ fún oníbàárà mi àná pé kó kọ́kọ́ lọ wo irú ìgbéyàwó tó ṣe.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti kó sọ́wọ́ irú lọ́yà báyìí rí? Ta ló sì rí èyí tó dára, torí wọ́n wà? Ẹ sọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, ẹlòmíì á fi gbọ́n.

Àbẹ̀ní wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó mú káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ wá pé kí n fọwọ́ sí i. Mo ń ránṣọ, mo kàn mú bírò, mo fẹ́ fọwọ́ sí i kí n padà sídìí iṣẹ́. Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé ìwé náà. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ kà á."